Ta Ni "Wọ́n"?

Láàárín àwọn òkúta tó rí bí olú nínú ilẹ̀ gbígbẹ ní Drumheller, ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan ààbọ̀ sí Calgary, arìnrìn-àjò kan rí Gbóyèga nílẹ̀, ó kọ́kọ́ rò pé ó ti kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ó sì ń sọ̀rọ̀ wótowòto. Ẹni náà fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Wọ́n ti lọ. Ẹ má bínú sí wọn."

Kọ̀ǹpútà ọlọ́pàá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ní èèyàn púpọ̀ ni "wọ́n". Ọkọ̀ Gbóyèga náà ti pòórá, ọ̀rọ̀ bùṣe: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá adigunjalè kiri. Ẹ gbọ́ ná, kí ni kọ̀ǹpútà mọ̀ nípa ọ̀wọ̀? Inspẹ́kítọ̀ Dùnsìn, ọmọ Yorùbá tó wà láàárín àwọn ọlọ́pàá náà, gbọ́ ohùn náà, ó mi orí. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ fún olè?

Ó lọ bá Ìbílọlá, ìyàwó Gbóyèga, ní ọsibítù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ rẹ̀. Ìbílọlá ní òun ti lọ síbi iṣẹ́ kí ọkọ òun tó jáde, ọkọ òun sì ti sọ pé òun nìkan lòun fẹ́ lọ rìn. Dùnsìn bi í pé ní gbogbo Calgary tí wọ́n ń gbé, ta ni ọkọ rẹ̀ máa ń pè ní "wọ́n".

Ìbílọlá wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi Titus nìkan ni. Inú basement wa, yàrá abẹ́ ilé, ni wọ́n ń gbé."

Ní Saddle Ridge, àdúgbò tí ilé wọn wà, Titus kí i dáadáa, ó ní ilé lòun wà látàárọ̀. "Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ṣé á ṣubú? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Òótọ́ ni, sà." Ojú Dùnsìn wà lára bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Amọ̀ eléérú ti gan mọ́ ọn, kò sì sí irú ẹ̀ ládùúgbò yìí, àfi ní Drumheller. "Bí a ṣe ń pe èèyàn púpọ̀ náà la ṣe ń pe àgbà kan. Ẹ̀yin ni 'wọ́n' tí Gbóyèga ń sọ. Ẹ̀yin lẹ gbé ọkọ̀ rẹ̀ wálé."

Titus jókòó pẹ̀lẹ́, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọkọ àbúrò òun yọ̀ ṣubú ni, òun ò tì í. Òun ò ní láísẹ́ǹsì ìwakọ̀, PR òun, ìwé ìgbélùú, sì kù díẹ̀ kó jáde. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ba òun, lòun bá sá. "Mo fẹ́ pe 911. Ọwọ́ mi ò gbé fóònù."

Ìwà náà burú gan-an, síbẹ̀ àánú rẹ̀ ṣe Dùnsìn. Ibi tí wọ́n ti ń jáde lọ ni Ìbílọlá ti pe Dùnsìn lórí fóònù, Dùnsìn sì tan sípíkà kí Titus lè gbọ́. Ìbílọlá ní Gbóyèga ti lajú.

"Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, 'Ẹ̀gbọ́n dà? Ṣé wọ́n délé láyọ̀?'"

Titus na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Dùnsìn ò tíì mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde.