Afọnfèrè Tí Kì Í Mí

Ẹ̀yìn ọkùnrin náà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Èmi ni mo ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin tí Hosea Tillman jẹ́ olórí rẹ̀. Ẹ̀yìn afọnfèrè ni ìjókòó mi máa ń wà, mo sì mọ bí ẹ̀yìn ẹni tó ń fọn sasofóònù ṣe ń fẹ̀ tó sì ń sọ̀. Ti Linzy, afọnfèrè wa tuntun, kì í mira. Ó lè fọn ún fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko kí kóòtù rẹ̀ má tilẹ̀ mì.

Ó ti rẹ gbogbo wa nígbà náà. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, afọnfèrè mẹ́wàá la ní. Nígbà tí ogun parí, kò sẹ́ni tó lè bọ́ èrò tó tó bẹ́ẹ̀ mọ́. A wá ku ẹni mẹ́fà, sasofóònù kan ṣoṣo ló sì ń ké fún mẹ́wàá kí ijó tó gbóná. Mọ́tò kan la fi ń rin gbogbo Texas. Ọjọ́ tí àìsàn dá afọnfèrè wa dúró ní Waco, Linzy kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí a wọ̀ sí, ó ní òun gbọ́ pé a ń wá èèyàn.

Gbogbo ìlú tí a dé ló fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó pé oṣù kan, Arvella, akọrin wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò lè gun àtẹ̀gùn márùn-ún kó má jókòó.

"Bùrọ̀dá Otis," ó rọra wí, "àyà mi ṣófo."

"Àìsùn ni."

"Mo sùn. Bí ọkùnrin yẹn bá ti gbé fèrè sẹ́nu, ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń fa nǹkan kúrò lọ́nà ọ̀fun mi."

Ọ̀sán Ọjọ́ Ìdáǹdè, tí àwa aláwọ̀ dúdú Texas fi ń ṣàjọyọ̀ òpin oko ẹrú, nínú oòrùn, níbi tí èéfín ẹran sísun gbà kan, Linzy di ohùn kan mú, kò fi í sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń pariwo. Arvella rọra jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, ó gbé orí lé e. Nígbà tí ohùn náà dá, Arvella kò mí mọ́.

Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dà bí ti arúgbó.

Mo lọ bá Linzy níbi tó ti ń nu fèrè rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, itọ́ kankan kò kán.

"Irú èèyàn wo ni ọ́?"

"Èémí tèmi ti tán tipẹ́," ó dáhùn, bí ẹni tó rẹ̀. "Ti ẹni tó bá sún mọ́ mi ni mò ń lò. Bí ẹ bá ní kí n lọ, màá lọ."

Mo sọ fún àwọn yòókù. Hosea kò jiyàn. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìlú mẹ́rìnlá ló ń retí wa. Ẹ wí o. Ṣé kó lọ?"

Mo rántí ìyàwó mi ní Houston. Mo rántí oko òwú tí mo sá kúrò níbẹ̀. Mo wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun kan ṣoṣo tí a jà lé lórí ni ẹni tí yóò jókòó tì í nínú mọ́tò.