Okùn Àjèjì Nínú Páálí Páwà

“Gbé e wò ná,” ni àǹtí wí, ó sì na àpótí irin dúdú kan sí i ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà.

Ayàwòrán gbà á. Apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

“Ó mà wúwo o!”

“Ó gbọ́dọ̀ wúwo. Gbé èkejì yẹn náà wò.”

Èkejì fúyẹ́ bíi páálí bàtà tí kò sí bàtà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ agbára tí wọ́n kọ sí i lára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àǹtí rẹ́rìn-ín. “Ariwo ẹnu lásán ni tiẹ̀. Inú rẹ̀ ṣófo. Dá a padà síbẹ̀.”

Páwà ni wọ́n ń pe àpótí irin náà. Òun ní í gba iná lára ògiri, tí ó sì ń pín in fún gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Òun nìkan ló sì kù kí kọ̀ǹpútà tí Ayàwòrán fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tò tó pé.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe ọmọbìnrin náà ní Ayàwòrán, nítorí kò sí ògiri kan nílé wọn tí kò fi ẹ̀dú kùn. Nísinsìnyí tó ti wà ní kíláàsì àṣekágbá, àwòrán tí ń rìn, tí ń sọ̀rọ̀, ló ń yà. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń ya ìtàn ìyá arúgbó kan tó ń wá awò ojú rẹ̀ káàkiri àdúgbò, tí ó ń fura sí gbogbo ayé, tí awò náà sì wà lórí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwòrán kan fẹ́ gba ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ kí oṣù tó parí. Kọ̀ǹpútà ilé ìwé wọn ti dàgbà jù. Bí ó bá ti fẹ́ so àwòrán rẹ̀ pọ̀ báyìí, á gan pa. Ìdí nìyẹn tó fi ń to tiẹ̀. Inú háàdì dísíìkì kékeré kan ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

“Ṣé o ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn?” ni àǹtí béèrè. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe ló sì ń ṣe.

“Mo máa ṣe é, àǹtí.”

“‘Mo máa ṣe é’ kì í ṣe ‘mo ti ṣe é’ o.” Àǹtí mú páálí páwà tó wúwo náà, ó ṣí i, ó sì fa àwọn okùn inú rẹ̀ jáde. “Ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń jẹ la kà pọ̀, a wá fi àyè ìmí díẹ̀ lé e. Oúnjẹ tó bá ṣe wẹ́kú, bí àlejò kan ṣoṣo bá yà, ìjà dé nìyẹn. Eléyìí á tó ọ, á sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́ o. Àwọn okùn yìí, páwà yìí nìkan ló ni wọ́n. Ẹ má fi okùn páwà mìíràn sí i láé. Ó lè wọ ihò rẹ̀ wẹ́kú o, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bí oníkálukú wọn ṣe ń to iná sínú tiẹ̀. Iná ńlá á gba ọ̀nà iná kékeré, ó parí.”

“A ti gbọ́, àǹtí,” ni Ojúlówó yára dáhùn.

Ojúlówó ni ọ̀rẹ́ Ayàwòrán. Ògiri kan ló la ilé wọn; bí o bá rí ọ̀kan, èkejì ò jìnnà. Kò sí ohun tí ọmọkùnrin náà fẹ́ yangàn lé lórí tí kò ní pariwo pé “Ojúlówó ni o!” Ibẹ̀ lorúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Òun ló kọ́kọ́ to kọ̀ǹpútà tiẹ̀, òun ló sì kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ayàwòrán gbà á gbọ́ ju bó ṣe gba ara rẹ̀ gbọ́ lọ.

“Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi títí di Sátidé,” ni Ojúlówó wí bí wọ́n ṣe ń padà sílé. “Àwọn àbúrò rẹ yẹn, wọ́n á tú u palẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.”

Òótọ́ ni. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti tú rédíò bàbá wọn palẹ̀ rí. Ó gbé páálí náà lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ọpẹ́.

Ní Sátidé, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì pálọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àǹtí ti lọ tún ẹ̀rọ ṣe ní ọ́fíìsì àwọn kan, ó sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n to gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tan iná sí i títí òun á fi dé lọ́sàn-án. Ayàwòrán de bọ́ọ̀dù tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́ mọ́lẹ̀, ó ti páwà bọ ìsàlẹ̀, ó sì ń mú okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan okùn háàdì tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó dáwọ́ dúró.

“Kí ló dé tí eléyìí fi rí rọ́bótó? Pẹlẹbẹ làwọn yòókù.”

Ojúlówó wò ó lójú. “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é báyìí. Ti háàdì máa ń yàtọ̀.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Èmi kẹ̀? Ojúlówó ni o! Tẹ̀ ẹ́ bọ ibẹ̀.”

Ó tẹ̀ ẹ́ bọ ibẹ̀. Ó wọlé geere, ó tilẹ̀ dún kẹ́ bí ìgbà tí ìlẹ̀kùn bá tì dáadáa. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

“Ó yá, tẹ bọ́tìnnì ká wò ó,” ni Ojúlówó wí.

“Àǹtí ní ká dúró.”

“Àǹtí, àǹtí! Ṣé ọmọ ọwọ́ ni ọ́ ni? Kí wọ́n tó dé, ìyá arúgbó rẹ á ti máa rìn lójú ẹ̀rọ. Ìwọ náà rò ó wò, kí wọ́n kàn wọlé kí wọ́n bá a!”

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀. Ẹ̀dà tí kò tíì ṣe sọ sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó ní bí ẹ̀rọ bá ti tàn, ohun àkọ́kọ́ tí òun á ṣe nìyẹn. Ó na ìka, ó tẹ bọ́tìnnì.

Fáànù yí. Iná kékeré kan tàn. Lẹ́yìn náà, nǹkan dún pá! Òórùn rọ́bà tó jóná gba gbogbo pálọ̀, èéfín tín-ín-rín kan sì yọ láti ibi tí háàdì wà. Ayàwòrán fa okùn yọ lára ògiri, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Orí èéfín náà ni àǹtí wọlé bá wọn. Kò pariwo. Ó tú háàdì, ó rí ojú dúdú tó jó lára rẹ̀, ó sì mi orí. Ó wá fa okùn náà yọ, ó gbé e sápá kan, ó gbé òmíràn sápá kejì.

“Okùn yìí kì í ṣe ọmọ páálí yìí,” ni ó wí. “Èmi fúnra mi ni mo fa àwọn okùn páálí yìí jáde níwájú yín. Ta ló pààrọ̀ rẹ̀?”

Ayàwòrán wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojúlówó ń wo ilẹ̀.

“Ìdíje géèmù kan ni mo fẹ́ gbá,” ni ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì kéré. “Páwà tèmi ti ń kú sí mi lọ́wọ́. Mo ní kí n fi tìẹ gbá a lọ́jọ́ yẹn nìkan. Nígbà tí mo fẹ́ yọ ọ́, okùn kan há, mo fà á, orí rẹ̀ já. Mo wá fi ọ̀kan nínú tèmi dípò rẹ̀. Mo rò pé…”

“O rò pé kí ni?”

“Mo rò pé ó lè má ṣe nǹkan kan.”

“Ìdí tó o fi ń kán mi lójú nìyẹn, kí àǹtí má baà dé bá okùn náà?”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Inú Ayàwòrán bàjẹ́ débi pé omijé kò tètè wá. Ẹni tí a ní kó feni lójú, ata ló fi sẹ́nu. “Kò sẹ́ni tí okùn kì í já mọ́ lọ́wọ́,” ni ó wí. “Ká ní o sọ fún mi, ǹ bá bínú, ǹ bá tilẹ̀ bú ọ, ṣùgbọ́n à bá jọ wá òmíràn. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ léèrè, o wojú mi. O jókòó tì mí. Ìwọ lo ní kí n tẹ̀ ẹ́.”

Ojúlówó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ayàwòrán ṣí ìlẹ̀kùn fún un.

Nígbà tó lọ tán, àǹtí fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. “Ọ̀rẹ́ rẹ dà ọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, ẹ̀dà dà? Mo ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró?” Ibẹ̀ ni omijé ti wá dé.

Àǹtí gbé háàdì náà lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan gbà padà nínú rẹ̀. Oṣù parí, ilé ẹ̀kọ́ àwòrán ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe páwà, nǹkan kan kò ṣe bọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ ọwọ́ ọdún kan nìkan ló lọ, òun àti ọ̀rẹ́ kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìtàn yìí, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wọ ihò ló bá a mu. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí ẹ bá sì ba nǹkan ọ̀rẹ́ yín jẹ́, ẹ tètè sọ ọ́. Àṣìṣe tí a jẹ́wọ́ ní òwúrọ̀ lè má ju okùn kan lọ. Bí a bá fi pamọ́ di ọ̀sán, á ti jó ilé.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ojúlówó kan ìlẹ̀kùn wọn. Ó ti ta ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, ó sì mú háàdì tuntun àti ojúlówó okùn páwà náà wá. Ayàwòrán gbà wọ́n, ó dúpẹ́. Lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, ìyá arúgbó náà ti tún bẹ̀rẹ̀ lórí pépà, láti àwòrán àkọ́kọ́.

“Ṣé kí n wọlé kí n bá ọ so ó?” ni Ojúlówó béèrè.

“Rárá,” ni Ayàwòrán dáhùn. “Àǹtí ń bọ̀ lọ́sàn-án. Mo máa dúró.”