Iná Abẹ́ Ẹ̀wù Bàbá Àgbà

"Nuzhat, sún mọ́ mi. Má jẹ́ kí ìyá ẹ gbọ́."

Ohùn bàbá àgbà kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. Àìsàn Pákínsìn, tó ń mú ara gbọ̀n tó sì ń mú un le, ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe gba ìrìn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti bo Kashmir, agbègbè olókè tí wọ́n ń gbé, òtútù a mú kí ara bàbá le gan-an bí igi. Ìdí nìyẹn tí Nuzhat àti ìyá rẹ̀ fi máa ń gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sí Jammu, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, láti yá oòrùn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, kùrukùru bo Jammu, oòrùn kò sì yọjú.

Káńgírì ni bàbá ń tọrọ, ìkòkò amọ̀ kékeré inú agbọ̀n tí wọ́n ń kó ẹyin iná sí, tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ẹ̀wù òtútù. Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ gbé e mọ́.

"Bàbá, màmá á bínú o."

"Màmá ẹ? Ta ló kọ́ òun náà láti gbé káńgírì, bí kì í ṣe èmi? Ṣé kí òtútù wá pa mí síbi tí mo sá fún un wá ni?"

Ìyá Nuzhat ti jáde lọ ra oògùn. Ó ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó fún bàbá ní oògùn ọ̀sán, kó má sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sobia, ọmọ ilé kejì, ti pe Nuzhat wá ta kárọ́ọ̀mù, ayò tí wọ́n ń fi ìka ta lórí ọpọ́n. Lánàá ni Sobia àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi Nuzhat ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní nọ́ọ̀sì arúgbó. Bí ara bàbá bá móoru, á sùn, òun náà á sì ráyè jáde.

Ẹ̀rù bà á, àmọ́ ó ro ó dáadáa. Ó ti ṣàkíyèsí pé ọwọ́ bàbá máa ń gbọ̀n bó bá sinmi, ṣùgbọ́n bó bá di nǹkan mú, gbígbọ̀n náà a rọlẹ̀. Ó rò pé bí bàbá bá di káńgírì mú, kò séwu. Ó dáná sí i, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀wù bàbá, ó sì jáde lọ bá Sobia. Kò rántí oògùn ọ̀sán.

Ayò ń dùn lọ́wọ́ nígbà tí Sobia fa imú sókè bí ẹni tó gbóòórùn. "Ta ló ń sun irun àgùntàn?"

Ọwọ́ Nuzhat dúró lórí ọpọ́n. Ẹ̀wù bàbá, irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún.

Nígbà tó sáré wọlé, bàbá jókòó bó ṣe fi í sílẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí. Agbára oògùn àárọ̀ ti tán. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti há gírígírí, káńgírì ti dojú dé láàárín wọn, èéfín sì ń rú lọ́rùn ẹ̀wù. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó ń pe Nuzhat, bóyá ó ti ń pè é tipẹ́, ohùn náà ni kò dé ẹnu ọ̀nà.

Nuzhat da omi lé e lórí. Ó fi ọwọ́ lásán gbọn ẹyin iná dànù, ó ń fa ẹsẹ̀ tí kò ṣeé là, ó ń bẹ̀rù pé egungun á kán.

Ìyá rẹ̀ wọlé bá èéfín. Kó tó béèrè, bàbá ti ń sọ lábẹ́nu pé òun lòun dáná náà fúnra òun. Ìyá wo ọwọ́ bàbá tí kò lè di bọ́tìnnì. Nuzhat ìbá dákẹ́, bàbá ti ṣí ọ̀nà àbáyọ fún un.

"Irọ́ ni, màmá. Èmi ni mo dá a. Mo wá fi wọ́n sílẹ̀ lọ ta kárọ́ọ̀mù."

"A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn," ni ìyá rẹ̀ sọ. "Ìwọ fi tìẹ sábẹ́ ẹ̀wù bàbá mi."

Dókítà ní egbò tí iná dá sí bàbá nítan á jinná, àmọ́ á pẹ́. Nuzhat ló ń pààrọ̀ báńdéèjì. Ohun tó ń dẹ́rù bà á jù ni pé bàbá kò pe ẹnikẹ́ni mọ́, kódà bí ìrora bá dé. Ó kàn máa ń wo ẹnu ọ̀nà ni. Nuzhat gbé ẹní rẹ̀ síbi tí ojú bàbá ti lè bá a.

Ó ti wá yé e pé kì í ṣe gbogbo ohun tí aláìsàn bá tọrọ ni ìfẹ́ ń fún un, pàápàá bí ẹni tó ń fúnni bá ń wá àyè tirẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ́jú ẹni tí kò lè pariwo, ojú ni kó fi máa gbọ́ igbe rẹ̀.