Ohun Tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Lọ Ń Kọ́

"Dúró dáadáa," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó ta okùn ìwọ̀n sí ejìká ọmọ náà, ó wò ó, ó tún un wọ̀n. Télọ̀ ni bàbá yìí, aṣọ ilé-ìwé tuntun ló fẹ́ rán fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ká okùn náà mọ́ apá rẹ̀ lókè.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," ohun tí ó ń pè é nìyẹn nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, "iṣẹ́ wo lò ń ṣe níta?"

"Iṣẹ́ kẹ̀, Bàbá?"

"Apá rẹ ti le. Ejìká rẹ ti ṣí. Ẹni tó ń jókòó ti ìwé kì í ní irú apá yìí."

Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ń rán bọ́tìnnì lẹ́bàá fèrèsé. Ó gbé orí sókè. "Ìwọ náà ti rí i àbí? Lẹ́sìnnì ẹ̀yìn ilé-ìwé wo ló ń mú ọmọ tiro wálé? Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lánàá, ṣe lo máa rò pé èmi ni. Bí kì í bá ṣe ọkùnrin, a jẹ́ pé bíríkì ló ń rù."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. "Ìṣirò ló le, Ìyá Àgbà. A máa ń pẹ́ lórí ìjókòó ni."

Bàbá rẹ̀ ká okùn ìwọ̀n rẹ̀, ó fi í sápò.

Láti ìgbà tí ìyá ọmọ yìí ti kú ni oorun ti di ọ̀wọ́n fún un. Ìdánwò àṣejáde sì ń bọ̀. Bí ó bá ti ṣí ìwé, àyà rẹ̀ á máa já. Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ kọ́ yógà alágbára, eré ìdárayá tí a fi ń na ara tí a sì fi ń kọ́ bí a ṣe ń mí, ní gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Ó fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin ní ilé-ìwé, tí wọ́n ń pè ní Rédíò, kò jẹ́.

"Bàbá rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín mọ́? Á ní ẹ̀ ń bọ nǹkan kan níbẹ̀ ni. Sọ pé lẹ́sìnnì lò ń lọ, ó parí!"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe purọ́ nílé. Irọ́ kì í sì í dá gbélé. Nígbà tí olùkọ́ yógà, tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, bi í bóyá bàbá rẹ̀ mọ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ náà kò rọrùn. Tíṣà ní kí ó ya ìka ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹní, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé gbogbo ara ró, kí ó nà gbọọrọ bíi pákó. Apá rẹ̀ gbọ̀n, ó sì dojú bolẹ̀.

"Ta ló ní kó o sé èémí?" ni Tíṣà bi í. "Fi orúnkún kalẹ̀ ná, kò sí ẹ̀sín níbẹ̀. Fi imú mí sínú, fi imú mí síta. Bí èémí rẹ bá ti ń já, ohun tí ò ń ṣe ti kọjá agbára rẹ nìyẹn."

Díẹ̀díẹ̀, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ rìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ sun oorun àsùnmọ́jú, ó fẹ́ fi ayọ̀ sọ fún bàbá rẹ̀. Ó rántí irọ́ tó pa, ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ara bàbá náà kò lélẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí i pé ẹnì kan ti tú àpò ìwé òun wò. Bí wọ́n bá ń jẹun, bàbá rẹ̀ á ṣàdédé bi í pé, "Kí lẹ kọ́ lónìí?" Ọwọ́ rẹ̀ ló sì máa ń wò, kì í wo ojú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, télọ̀ náà ti ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀, ó gba ilé-ìwé lọ. Olùkọ́ ìṣirò lanu. "Lẹ́sìnnì kẹ̀, sà? A kì í ṣe lẹ́sìnnì níbí." Rédíò ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì béèrè ọ̀rọ̀ tán tí ọmọbìnrin náà fi nàka sí ilé búrẹ́dì.

Ó yọjú lójú fèrèsé gbọ̀ngàn náà. Kò rí ọkùnrin tí ó ti múra láti bá jà. Àwọn obìnrin ló rí nílẹ̀, wọ́n nà gbalaja, ojú wọn dì, ẹnikẹ́ni kò mira. Ọmọ rẹ̀ wà láàárín wọn. Ìdùbúlẹ̀ òkú ni wọ́n ń pe èyí. Ìsinmi tí wọ́n fi ń parí iṣẹ́ ni. Òun kò mọ̀. Ẹni tí ó rí gbẹ̀yìn tó sùn bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni.

Ó fi ejìká ti ilẹ̀kùn. "Ọmọ mi! Kí lẹ fún ọmọ mi mu?" Ó kúnlẹ̀, ó gbá a mú, ó ń mì í jìgìjìgì.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lajú. Kò rí omijé bàbá rẹ̀ rí, àní ní ọjọ́ ìsìnkú pàápàá.

"Bàbá, mo wà láàyè. À ń sinmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo wà láàyè."

Tíṣà sún mọ́ wọn. "Ẹ má bínú, sà. Ó ní ẹ mọ̀ sí i."

Gbogbo ojú yí sí ọmọ náà. "Mo purọ́, Tíṣà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin méjèèjì ni mo purọ́ fún."

Tíṣà ká ẹní rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Má wá mọ́, àfi bí bàbá rẹ bá fi ẹnu ara wọn sọ fún mi."

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá náà kò pariwo. "Mo rò pé wọ́n ti bà ọ́ jẹ́," ló wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń rò ó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yìí. Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mo rò pé ẹ máa kọ̀."

"Ṣé o bi mí?"

"Rárá, sà."

"O ti dá mi lẹ́jọ́ kí n tó sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú un lọ sí ilé-ìwé, tí ó sì ń mú un bọ̀ bí ọmọ jẹ́léósinmi, níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Oorun tún sá lójú ọmọ náà. Nígbà tí ó sú u, ó kúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Bàbá, mo fẹ́ padà síbẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀, mi ò ní lọ."

Bàbá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ṣe é kí n rí i."

Ó tẹ́ ẹní sáàárín ègé aṣọ tó wà nílẹ̀, ó nà bíi pákó, apá rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ìyá Àgbà pòṣé. "Háà! Pákó yìí ni ọkùnrin tí mo ti ń wá kiri!"

"Ó ku ìdùbúlẹ̀ tó gbẹ̀yìn," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Má ṣe ìyẹn," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Ìyẹn ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn, sà."

Bàbá náà fa àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ rẹ̀. "Ó dáa. Dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n máa mí kí n máa rí i." Ó ń wo àyà rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ wálẹ̀, kò sì gbójú kúrò títí ọmọ náà fi dìde. Ní ọjọ́ kejì, òun ló mú un lọ bá Tíṣà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun rere ni ọmọ yìí lọ ń kọ́. Irọ́ ló sọ ọ́ di ohun ìfura. Ẹ̀rù ló sábà máa ń ba òbí tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ tún lè bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti purọ́, ọjọ́ tí ẹ bá sọ òtítọ́ pàápàá, wọ́n á kọ́kọ́ wojú yín kí wọ́n tó gbà yín gbọ́.