Ẹ̀fẹ̀ Tí Wọ́n Gbé Lọ Sílé Ẹjọ́

"Torika, gbà pé o jẹ̀bi, kí á máa lọ sílé!"

Ìyá Torika ló ń bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́ ìlú Labasa. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ tako Torika ti sọ fún wọn pé bí ọmọ náà bá jẹ́wọ́ pé òun fi ikú halẹ̀ mọ́ ọmọkùnrin kan, ìkìlọ̀ lásán ni adájọ́ máa fún un.

"Màmá, tí mo bá jẹ́wọ́, ọ̀daràn ni wọ́n á máa pè mí. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í gba ọ̀daràn."

"Tí o bá wá pàdánù ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n ni o!"

Torika, ọmọ ọdún méjìdínlógún, mí kanlẹ̀. Lọ́yà Sharda Nair, tí ìjọba yàn láti gbèjà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wò ó lójú. "Ìwọ lo máa pinnu, ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ pa ọmọkùnrin náà lóòótọ́?"

"Kí n pa Apisai? Ta ni n ó wá máa bá ṣeré?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu lọ́yà. "Ó dáa. A ó jà."

Tauvu ni abúlé Torika àti ti Apisai, baba ńlá kan náà ló ṣẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Láàárín tauvu, kò sí ohun tí a kì í mú lọ́wọ́ ara wa, èébú kì í sì í dun ni. Apisai ló gbé àkùkọ bàbá àgbà Torika, ó sun ún jẹ. Ni Torika bá fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀: "Olè! Tí mo bá rí ọ, n ó gé orí rẹ, n ó gbé ọ sínú ààrò ilẹ̀ pẹ̀lú kókò, abúlé wa á sì jẹ ọ́ yó!"

Àǹtí Unaisi, ẹ̀gbọ́n bàbá Apisai, ló gbọ́ ọ. Sydney, lókè òkun, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò mọ tauvu. Ó gbé fóònù náà tọ ọlọ́pàá lọ, ó sì fi Apisai ránṣẹ́ sí Suva ní òdìkejì òkun kí wọ́n má bàa pa á. Láti ìgbà náà, Torika kò gbóhùn Apisai mọ́. Àárò rẹ̀ ń ta á lọ́kàn bí ata.

Nínú kóòtù, Àǹtí Unaisi sunkún bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Olúwa mi, ta ló ń fi ikú ṣeré? Mi ò lè sùn mọ́!"

Lọ́yà Nair dìde. "Olúwa mi, mo pe Apisai wá jẹ́rìí."

Ilẹ̀kùn ṣí. Apisai wọlé, aṣọ rẹ̀ rún, iyọ̀ òkun ṣì wà lára irun rẹ̀, torí láti inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń bọ̀. Ojú rẹ̀ wá Torika kó tó wá ẹlòmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, bàbá àgbà Torika ti fò dìde láàárín èrò. "Olè! Olójú ẹja gbígbẹ! Jẹ́ kóo jáde síta, n ó bó awọ ara rẹ fi ṣe ẹní!"

Àwọn ọlọ́pàá ta gìrì. Apisai bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ lọ wá eyín tí ẹ máa fi jẹ mí!"

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Adájọ́ lu tábìlì. "Bàbá, ẹ jókòó! Ọmọkùnrin, ṣé ẹ̀rù bà ọ́?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ìkíni wọn nìyẹn, Olúwa mi. Ọjọ́ tí wọn ò bá bú mi ni n ó mọ̀ pé mo ṣẹ̀ wọ́n. Tèmi tí mo fi ránṣẹ́ sí Torika burú ju tiẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n—"

"Má sọ ọ́ níbí!" ni adájọ́ fi dá a lẹ́kun. Ó kọjú sí ọlọ́pàá tó ń rojọ́. "Ṣé ẹ fẹ́ mú bàbá náà ni?" Ọlọ́pàá náà ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Lọ́yà Nair ní, "Olúwa mi, òfin ní ẹni tó sọ̀rọ̀ kò jẹ̀bi àyàfi bó bá ní i lọ́kàn láti dẹ́rù bani. Èrò yẹn dà?"

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹyin lọ̀rọ̀, Torika. Fóònù kò mọ tauvu, ó ń gbé ohùn dé etí àlejò. Ṣùgbọ́n o kò ní ìkà lọ́kàn. Mo dá ọ sílẹ̀, o kò jẹ̀bi."

Ariwo ayọ̀ gba kóòtù kan! Ìyá Torika gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Níta, Apisai di ọwọ́ Torika mú. "O láyà jù mí lọ," ló sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́. Torika kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Àǹtí Unaisi súnmọ́ wọn, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ forí jì mí."

Bàbá àgbà wò ó láti òkè délẹ̀. "Obìnrin Sydney! O sanra bí ẹlẹ́dẹ̀ Kérésìmesì, ọgbọ́n nìkan ni kò sanra lára rẹ!"

Àǹtí nu ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, bàbá... egungun yín kò tó se ọbẹ̀ ajá!"

Bàbá àgbà hó yèè, ó fà á dìde. Àlejò ti di ará ilé.

Ká ní Torika ti jẹ́wọ́ nítorí ìbẹ̀rù, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ pa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ ẹni tí ẹ̀fẹ̀ yín lè dé etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka ohun tí ẹ kò ṣe sí yín lọ́rùn, ẹ má gbà á torí kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán. Ẹ dúró ti òtítọ́ yín, yóò dúró tì yín.