Ihò Méjìlá Nínú Iyanrìn

"Kazeem, má jẹ ọmọ ayò mi!"

Igbe Kàfáyàt ti pẹ́ jù. Ẹ̀pà méjì ti wọ ẹnu àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì ń rún wọn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Ó dáa. Méjìdínláàádọ́ta ló yẹ kó wà nílẹ̀. Mélòó ló kù?"

Kazeem wo ihò méjìlá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbẹ́ sínú iyanrìn àgbàlá wọn. Ètè rẹ̀ ń mì. "Mẹ́rìndínláàádọ́ta," ni ó wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Kàfáyàt fò sókè. Ọmọ tí kì í lè ka mẹ́wàá láìfo méje ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn!

Ọdún 1975 ni, ní Banjul. Àjàmú, bàbá wọn, ti Ìsẹ́yìn wá ta aṣọ ní Ọjà Albert, ọ̀rọ̀ Kazeem kì í sì í jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ. Ìyáàfin Cole, olùkọ́ ọmọ náà, jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Aku ní Banjul, tó máa ń sọ̀rọ̀ láìfepo bọyọ̀. Ó ti sọ fún Bàbá pé bí Kazeem kò bá lè kà dé ogún, tí kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi kàn án, òun yóò dá a padà sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ni Bàbá bá ra síléètì àti ẹfun, ó kó wọn fún Kàfáyàt, ẹni ọdún mẹ́tàlá.

"Wákàtí kan lójoojúmọ́," ni ó wí. "Mi ò fẹ́ gbọ́ eré o."

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, Kazeem sunkún. Lọ́jọ́ kejì, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kẹta, Kàfáyàt gbẹ́ ihò. Ká má tan ara wa, òun náà fẹ́ràn ayò ju oúnjẹ lọ. Yahya, télọ̀ Wolof tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà wọn, a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ tún ti dé ìdí wúrè yín!" Wúrè ni àwọn Wolof ń pe ayò. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́ tí Bàbá bá bèèrè bóyá wọ́n kọ síléètì, Kàfáyàt á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ọjọ́ Àìkú ni àṣírí tú. Bàbá mú ẹfun náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ ti ń lo ẹfun yìí, kò sì kúrú?"

Kàfáyàt kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ayò ni mo fi ń kọ́ ọ."

"Ayò! Ọ̀la ni olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ dán an wò!" Bàbá fi ẹsẹ̀ wọ́ iyanrìn dí gbogbo ihò náà. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Kì í ṣe ayò yẹn ló dùn mí jù. O ń wo ojú mi, o ń purọ́ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta Kàfáyàt lára ju ẹgba lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Kazeem dúró níwájú Ìyáàfin Cole, Bàbá àti Kàfáyàt wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kà dé ẹẹ́fà, ó fo eéje, ó sì dákẹ́. Olùkọ́ mú bírò rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà," ni Kàfáyàt wí, "ẹ bá a ta ayò."

Olùkọ́ gbé bírò sílẹ̀, ó sì dìde. Wọ́n gbẹ́ ihò sínú iyanrìn níwájú kíláàsì. Kazeem kó ẹ̀pà jáde lápò, ó pín in ní mẹ́rin mẹ́rin láìjẹ ẹyọ kan. Nígbà tí olùkọ́ fẹ́ ta lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Mà, èmi ló kàn." Nígbà tó kan olùkọ́, Kazeem jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń dúró. Lẹ́yìn náà, ó kó ọmọ inú ihò ńlá kan, ó tú wọn ká, ó jẹ mẹ́ta, ó jẹ méjì, ó tún jẹ méjì.

"Méje!" ni ó kígbe.

Kàfáyàt bo ẹnu rẹ̀ kí ó má baà hó yèè. Nígbà tí ayò parí, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wà lọ́wọ́ Kazeem, mọ́kànlélógún wà lọ́wọ́ olùkọ́. Ọmọ náà na ìka sí i. "Ọ̀pẹ̀!"

"Kí ló wí?" ni olùkọ́ bèèrè.

Òógùn bo Bàbá. "Ó... ó ní ẹ ṣeun, Mà."

Kàfáyàt wo bàbá rẹ̀. Ó rántí ẹfun tí kò kúrú, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Ọ̀pẹ̀ ni à ń pe ẹni tí a bá pa láyò. Bí a ṣe máa ń fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn."

Ìyáàfin Cole rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yọ̀ bọ́ sí ihò ayò. "Ọ̀gbẹ́ni Àjàmú, ọmọ yín mọ ìṣirò, ó sì ní sùúrù. Kò padà sí ibì kankan. Ọmọbìnrin yìí náà, ẹ tọ́jú rẹ̀, olóòótọ́ ni."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá fúnra rẹ̀ ló tún ihò méjìlá gbẹ́ sí àgbàlá. "Kàfáyàt, ohun rere lo ṣe, ẹ̀yìn mi lo gbà ṣe é. Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá ti jókòó tì yín. Mo ti rò pé eré ni ọ̀tá ẹ̀kọ́, àṣé eré tí a bá fara balẹ̀ ṣe, ẹ̀kọ́ ni. Irọ́ nìkan ni kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Èmi náà pa á lónìí, ojú sì tì mí."

Kí oòrùn tó wọ̀, Kazeem ti pa Bàbá láyò lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń jó yí i ká. Yahya dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. "Kí ni ọmọ yẹn ń pè yín?"

Bàbá wo Kàfáyàt, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀pẹ̀," ni ó wí. "Ó ní ọ̀pẹ̀ ni mí, òótọ́ ló sì sọ."