Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Dókítà Eyín

Ọṣẹ ìfọyín ṣì ń hó lẹ́nu Dókítà láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó sì rí ọkùnrin kan tó ń fì dirodiro lórí okùn níwájú rẹ̀, tí ojú àwọn méjèèjì ṣe déédéé. Akoto pupa ló dé. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ara igi iwájú ilé wọn, ó ń fi òòlù kékeré kan kan igi náà, ó sì ń tẹ́tí sí i bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó ń retí onílé.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni ọkùnrin náà wí.

Dókítà fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ìfófòó ló jáde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó mọ̀ pé aṣọ àwọ̀sùn òun ti ya léjìká, pé irun òun kò sì ṣeé wò. Ó yẹ kó ti fèrèsé náà kíá. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ti gba ọkàn rẹ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọkùnrin náà wú bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ó gbé ọṣẹ náà mì.

"Láti ìgbà wo ni eyín yẹn ti ń dùn yín?"

"Eyín wo, mà?"

"Èyí tó mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wú."

"Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn."

"Apá kan ṣoṣo?"

Ọkùnrin náà tú okùn rẹ̀ díẹ̀, ó sì rọra wọlẹ̀ lọ kúrò lójú fèrèsé, akoto pupa ló kẹ́yìn.

Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, nítorí òun ló ń tọ́jú eyín wọn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló sì ń gbé ilé náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ọkùnrin orí okùn náà ńkọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí bó ṣe ń gun igi. Àwọn aláṣẹ ìlú ló rán òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí òpópónà náà láti yẹ gbogbo igi ibẹ̀ wò, kí wọ́n gé èyí tó ti ń ṣàìsàn, kí wọ́n sì gbin ọ̀dọ́ igi dípò rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò bẹ̀rù òkè. Àga ẹni tó ń tọ́jú eyín ló ń bẹ̀rù. Ó fi omi iyọ̀ fọ ẹnu, ó fi aṣọ gbígbóná di ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó bẹ eyín náà, ó bú u. Lọ́jọ́ tí kò lè pa ẹnu dé mọ́, ó yọjú síbi iṣẹ́ Dókítà, ó gbá akoto rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ẹ jókòó," ni Dókítà wí.

"Ṣé mi ò lè dúró?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń so rọ̀ lókè? Àga yìí ò ga ju orúnkún yín lọ."

"Igi kì í mú abẹ́rẹ́ dání, mà."

Dókítà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa rí ẹ̀rín òun. Ó ní kó máa wo òkè àjà, kó sì máa sọ fún òun nípa igi. Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí gbòǹgbò ṣe ń wá omi lábẹ́ ọ̀dà títì, ó sọ bí igi ṣe ń fi èèpo tuntun bo ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ibi tó ti ń sọ nípa ewé ló ti ṣàkíyèsí pé ètè òun kò gbọ́ ti òun mọ́. Abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó ti jáde, kò mọ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀rọ̀ kan wà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń gbé kiri láti àárọ̀ ọjọ́ fèrèsé. Ó fẹ́ sọ pé, "Ẹ rẹwà." Ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti wúwo bí ìtí igi.

"Ẹ... ẹ̀wà," ni ohun tó jáde.

"Ẹ̀wà kẹ̀? Ẹ má jẹ ẹ̀wà lónìí o. Nǹkan rírọ̀ ni kí ẹ máa jẹ."

Ọ̀kẹ́rẹ́ mi orí. Ó nàka sí i. "Ẹ̀yin. Ẹ̀wà."

"Èmi náà kì í sábà jẹ ẹ́," ni Dókítà wí, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà tó ń fọ irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Ó bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan, tó fi jẹ́ pé aláìsàn tó kàn yọ orí wọlé láti wò ó bóyá kò sí nǹkan.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀kẹ́rẹ́ padà wá pẹ̀lú ẹnu tó ti bọ̀ sípò, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tó yẹ, ó sì lọ sílẹ̀ níbi tó yẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dúró de Dókítà ní ìrọ̀lẹ́ láti sìn ín délé. Wọn kì í tètè délé. Gbogbo ọ̀dọ́ igi tó ti gbìn lójú ọ̀nà ni wọ́n ń dúró kí.

"Èyí ńkọ́?"

"Ọmọ dáadáa ni. Ó ń jẹun."

"Tọ̀hún ńkọ́?"

"Ìyẹn lágídí. Ó fẹ́ jọ ọ́."

Lọ́nà báyìí ni "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Màmá tó ń gbé ilé òdìkejì ń wò wọ́n. Ojoojúmọ́ ló ń jáde wá bomi rin òdòdó kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ń kọjá, tó fi jẹ́ pé òdòdó náà mu omi yó, ó sì kú.

"O máa ń wo ẹnu mi tí mo bá ń sọ̀rọ̀," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí lọ́jọ́ kan.

"Eyín rẹ apá ọ̀tún ni mò ń wò. Ó fẹ́ àbójútó."

"Èmi ti rò pé ìfẹ́ ni."

"Ó lè jẹ́ méjèèjì."

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń sún mọ́ ilé Dókítà, Ọ̀kẹ́rẹ́ kò sì lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ra mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mú un dúró lábẹ́ igi wọn, ó fi òòlù kàn án. Ó dún bí agolo òfìfo.

"Inú rẹ̀ ti jẹrà tán. Ó gbọ́dọ̀ lọ, olùfẹ́ mi."

"Kì í ṣe èyí," ni Dókítà wí.

Ó wá ṣàlàyé. Bàbá ìyá rẹ̀ ló ni ilé náà nígbà kan. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ̀, abẹ́ igi yìí ni bàbá àgbà fi í sí, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ọmọbìnrin ilé ló ń yọ́ gbé omi jáde fún un. Láti ìgbà tí Bàbá ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ ojú irin tó ń wà, ibẹ̀ ló ń gbé àga sí lójoojúmọ́, tó ń sùn, tó sì ń bá aya rẹ̀ tó ti lọ sọ̀rọ̀.

"Fi í sílẹ̀ fún ọdún kan péré. Sọ fún wọn pé ara rẹ̀ le."

"Àwọn ọmọ iléèwé ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bàbá fúnra wọn ń sùn lábẹ́ ẹ̀ka tó lè já nígbàkígbà."

"Mo ní ọdún kan."

"Tí mo bá ní kí o fi eyín tó ti jẹrà sílẹ̀ lẹ́nu mi ńkọ́, nítorí pé ó ti mọ́ mi lára?"

Inú bí Dókítà gan-an. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Bàbá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ṣé ẹni tó ń gégi yẹn ló ń sìn ọ́ wálé láti ọjọ́ yìí?"

"Òun ni, Bàbá."

"Kò burú. Ẹni tó bá fi ayùn kan igi ìyá rẹ kò ní fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ilé yìí." Ó jókòó, ó jẹun tán, ó sì ní kí wọ́n fi kún un, nítorí ìbínú Bàbá kò fìgbà kan dí i lọ́wọ́ oúnjẹ rí.

Àwọn olólùfẹ́ méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú Dókítà le débi pé àwọn aláìsàn ń sọ fún un pé eyín wọn ti san kí wọ́n tó jókòó. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ gbin igi kan láìtú ọ̀rá tó wé gbòǹgbò rẹ̀, ó sì tún un hú níṣojú gbogbo ènìyàn.

Lọ́jọ́ tó kan igi Bàbá, àwọn òṣìṣẹ́ gbé àkàbà tì í, wọ́n sì lọ kó ayùn nínú ọkọ̀. Kí wọ́n tó padà, Bàbá ti wà lókè. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin rẹ̀, ó fi fúláàsì tíì gbígbóná kọ́rùn.

"Ẹ gé e," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ó gé èmi náà mọ́ ọn."

Màmá òdìkejì gbé àga jáde. "Ṣé ìtẹ́ lẹ fẹ́ kọ́ síbẹ̀ ni, Bàbá?"

Oòrùn mú. Tíì tán. Dókítà gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀ka mú, tó sì ń súfèé. Bàbá kì í súfèé àfi tí ẹ̀rù bá ń bà á. Dókítà lọ bá Ọ̀kẹ́rẹ́ nídìí ọkọ̀.

"Kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́," ló wí jẹ́jẹ́. "Kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń so okùn mọ́dìí kó tó parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, sà," ló wí nígbà tó dókè.

"Mi ò pè ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀ka ni mo wá wò."

Ẹ̀ka náà dún bí ẹni pé ó fẹ́ já. Bàbá na ọwọ́ sẹ́yìn kó lè di ìtí igi mú, ọwọ́ náà sì wọ inú igi lọ dé ìgúnpá. Nígbà tó fà á yọ, ìyẹ̀fun igi kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Báyìí ni inú rẹ̀ ṣe rí?"

"Láti òkè délẹ̀, sà. Ẹ má bínú."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń sùn lábẹ́ rẹ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ìdí tí èmi ò fi rí oorun sùn nìyẹn."

Bàbá jẹ́ kí Ọ̀kẹ́rẹ́ fi okùn de òun mọ́ ara rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n dé agbede-méjì òkè àti ilẹ̀ kí Bàbá tó gbá okùn mú.

"Dúró ná. Kí lo fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ délẹ̀, sà."

"Rárá. Ibi tí o kò ti lè sá ni mo ti fẹ́ bi ọ́."

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, sà. Tó bá ṣì fẹ́ràn mi."

"Sọ ọ́ sókè. Ìró ọkọ̀ ojú irin ti ba etí mi jẹ́."

Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ ọ́ sókè. Gbogbo òpópónà gbọ́, gbogbo wọn sì yíjú sí Dókítà.

"Kí lẹ ń wò mí fún?" ni Dókítà wí. "Bàbá mi ṣì wà láàárín méjì. Ẹ gbé e sílẹ̀ ná."

"Kò sọ pé òun kò fẹ́," ni Màmá òdìkejì ṣàlàyé fún àwọn tó jìnnà.

Bàbá kò dúró wo bí wọ́n ṣe gé igi náà. Òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó ní pálọ̀, ọwọ́ wọn wà nínú ara wọn, ayùn ń ké níta. Bàbá ń sọ nípa aya rẹ̀ fún un, ohun tí kò tíì sọ rí: pé ìgbà tó gbé omi àkọ́kọ́ jáde, ó fẹsẹ̀ kọ, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí òun lára. Nígbà tí ariwo dáwọ́ dúró, ó nu ojú rẹ̀.

"Pe ọmọkùnrin yẹn wọlé. Eruku á ti kún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀."

"Ẹ ní kò ní fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ilé yìí."

"Kó nu ẹsẹ̀ náà dáadáa kó tó wọlé."

Ìgbà tí òjò ti mú ilẹ̀ rọ̀ ni wọ́n tó gbin igi tuntun. Dókítà di ọ̀dọ́ igi náà mú kó dúró ṣánṣán, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń kó iyẹ̀pẹ̀ sí i nídìí.

"O ò tíì dá mi lóhùn," ló wí.

"Lórí kí ni? Bàbá lo sọ fún. Mi ò rántí pé o bi mí ní nǹkan kan."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbójú sókè. Ẹrẹ̀ wà ní imú rẹ̀. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ. Òótọ́ lo sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi bínú."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde, ó fẹ́ gbá a mọ́ra, ṣùgbọ́n ohùn Bàbá ti ẹnu ọ̀nà wá.

"Ẹ má fi igi yẹn sílẹ̀ o. Ó ti ń wọ́."

Nítorí náà, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀ lé ọwọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lára igi náà, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, wọn kò yára kúrò níbẹ̀. Kí ọ̀dọ́ igi náà tó yọ ewé tuntun, wọ́n ti di tọkọtaya.